Bẹ́ ẹ ṣe lè sọ edé, bọ́ńgà, èèpo akàn àti pápásan di èlò ọbẹ̀ tó ń ṣara lóore

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé nítòsí omi, láti Badagry lọ dé Èpẹ́, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn Ìlàjẹ ní Igbókòdá àti Ayétòrò, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gan-an, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè tó jẹ́ pé ọjà lẹ ti ń rí ẹja náà, ó kàn yín. Ohun tó ń dùn mí ni pé oúnjẹ tó ń ṣara lóore pọ̀ létí omi wa tá à ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ kọjá, tá à ń jù dànù, tá a wá ń fi owó ra magí tó jẹ́ pé iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Ẹ wo orí bọ́ńgà, ẹ wo edé wẹ́wẹ́ tó máa ń ṣẹ́ kù sí ìsàlẹ̀ àpò, èèpo akàn, pápásan tó ń hù nínú yanrìn ẹ̀yìnkùlé, kóró fúrúùtù, ìyẹn èso tí Òyìnbó ń pè ní tropical almond, táwọn ọmọdé ń sọ nù tí wọ́n bá ti jẹ ara ẹ̀ tán, gbogbo ẹ̀ pátá la lè sọ di èlò tó máa wà nínú ìgò nílé ìdáná, tá a ó máa bù ú sọ́bẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ magí nìyí. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má tó gíráàmù 5, ìyẹn ò sì ju ṣíbí tíì kan lọ, gbogbo iyọ̀ tó wà nínú búrẹ́dì, núdùsì, súyà àti magí ló wà nínú ìṣirò yẹn o, kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ fọwọ́ bù nìkan. Ṣé ẹ ń rí bí ẹ̀jẹ̀ ríru ṣe ń bá àwọn ìyá àti bàbá wa fínra? Edé àti ẹja gbígbẹ ní adùn tiwọn lára, tẹ́ ẹ bá ti ní páúdà wọn nílé, ọbẹ̀ tó ń gba magí mẹ́rin á gba ẹyọ kan, nígbà míì ẹ ò tiẹ̀ ní rántí ẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wo omi tó ti jáde

Èyí ni kẹ́ ẹ fi sọ́kàn ju gbogbo ohun tó kù lọ. Òyísítà, ẹran omi tó ń gbé inú ìkarawun, máa ń fa omi wọnú ni, á sẹ́ oúnjẹ ẹ̀ níbẹ̀, á tú omi yẹn jáde, torí náà tí ìgbẹ́ bá wà nínú omi náà, tàbí epo ọkọ̀, tàbí òjé, ara ẹ̀ ló máa dúró sí. Ìṣáwùrú náà, inú ẹrẹ̀ ló ti ń jẹun, ohun tó bá wà nínú ẹrẹ̀ yẹn ló ń jẹ mọ́ ọn. Tẹ́ ẹ bá sè é dáadáa, kòkòrò àrùn á kú, àmọ́ kò sí bẹ́ ẹ ṣe lè sè é tí òjé máa kúrò lára ẹ̀. Nítorí náà ẹ má mú un níbi tí gọ́tà ìlú ti ń já sínú ọ̀sà, ẹ má mú un lẹ́bàá ilé iṣẹ́ tàbí ibi tí wọ́n ti ń la pákó, ẹ má sì mú un níbi tí epo rọ̀bì ti dà sí rí.

Tó bá jẹ́ ọjà lẹ ti fẹ́ rà á, ẹ bi ìyá tó ń tà á pé, Ìyá, ibo lẹ ti kó o wá? Ní Èpẹ́, ní Igbókòdá, ní Asejere ní Makoko, àwọn tó mọ iṣẹ́ wọn á dá yín lóhùn lẹ́sẹ̀kan náà, wọ́n á tiẹ̀ sọ fún yín ọjọ́ tí ọkọ̀ gúnlẹ̀. Ẹni tí ò mọ ibi tí ọjà ẹ̀ ti wá, ẹ kí i, kẹ́ ẹ kọjá.

Ó tún ku ọ̀kan. Àwọn kan wà tí ara wọn ò gba edé, akàn àtàwọn ẹbí wọn, ètè á wú, ara á máa yún wọn, mímí á dìṣòro. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ jẹ páúdà tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí, kódà ṣíbí tẹ́ ẹ fi ro ọbẹ̀ tó ní edé nínú, ẹ má fi kan ọbẹ̀ tiẹ̀. Tí mímí bá ti fẹ́ dìṣòro fún èèyàn lẹ́yìn tó jẹ edé, ọsibítù ló kàn, ẹ má dúró fún epo pupa.

Páúdà edé àti bọ́ńgà

Èyí ni olórí gbogbo ẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ máa nílò ni edé gbígbẹ agolo mílíìkì mẹ́rin, bọ́ńgà gbígbẹ ńlá mẹ́ta tàbí kékeré márùn-ún, irú gbígbẹ ẹ̀kúnwọ́ kan, ìyèré ṣíbí tíì kan, ata gbígbẹ bí ẹnu yín bá ṣe gbà á tó, àti àlùbọ́sà gbígbẹ tẹ́ ẹ bá ní. Ẹ má fi iyọ̀ sí i rárá, iyọ̀ díẹ̀ ti wà lára edé àti ẹja láti òkun wá, ẹni tó bá fẹ́ iyọ̀ á fi sínú ọbẹ̀ fúnra ẹ̀.

Àwọn kan á bi mí pé kí ló dé tó jẹ́ bọ́ńgà, pé eegun ẹ̀ ti pọ̀ jù. Torí eegun yẹn gan-an ni. Kálísíọ́mù wà nínú eegun ẹja, tẹ́ ẹ bá sì lọ̀ ọ́ kúnná, ẹ ó jẹ ẹ́ láìmọ̀ pé ẹ jẹ eegun. Ìkejì, etí òkun àti ẹnu ọ̀sà ni bọ́ńgà ń gbé, àwọn ohun tíntìntín inú omi ló ń sẹ́ jẹ, kì í pa ẹja ẹlẹ́gbẹ́ ẹ̀ jẹ, ìyẹn ni mẹ́kúrì, irú májèlé kan, ò fi ń pọ̀ lára ẹ̀ bó ṣe ń pọ̀ lára àwọn ẹja ńlá tó ń gbé ẹja míì mì. Ẹ̀kẹta, ó ṣì wà lówó pọ́ọ́kú tá a bá fi wé pánla àti ẹja òsàn ńláńlá tí wọ́n ń fi ṣe fàájì.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látọjà. Edé tó dáa máa ń pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, ó máa ń fẹ́rẹ̀ lọ́wọ́, tẹ́ ẹ bá gbé e sí imú òórùn òkun àti èéfín díẹ̀ lẹ máa gbọ́. Èyí tó bá ń rùn kíkan, tó sì ń lẹ̀ mọ́ra, ó ti rin, ẹ má rà á. Tẹ́ ẹ bá rí edé tàbí ẹja gbígbẹ tí eṣinṣin kan ò sún mọ́ rárá, tó sì ń ta yín nímú bí òògùn, ẹ sá fún un, torí àwọn oníṣòwò kan wà tí wọ́n ń fín òògùn apakòkòrò sí oúnjẹ gbígbẹ kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́, NAFDAC ti kìlọ̀ fún aráàlú lórí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì. Òògùn yẹn kì í ṣe nǹkan téèyàn á ní òun fi omi ṣàn kúrò.

Tí ẹ bá délé, ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ edé kan sínú omi nínú abọ́ funfun, ẹ fọwọ́ rò ó, ẹ jẹ́ kó tòrò. Yanrìn á lọ sísàlẹ̀, ẹ ó sì fojú yín rí bó ṣe pọ̀ tó. Tó bá jẹ́ díẹ̀ ni, ẹ kàn fi asẹ́ ojú ńlá jọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ sì fẹ́ ẹ nínú atẹ́. Tó bá pọ̀, ẹ ní láti fi omi ṣàn án kíákíá, ẹ má rẹ ẹ́ o, adùn ẹ̀ á bómi lọ, ẹ yára gbé e sóòrùn kó gbẹ pátápátá. Ẹ ṣà á dáadáa pẹ̀lú, ẹ ó máa rí ẹja kéékèèké, ìkarawun, koríko, nígbà míì okùn àwọ̀n, ẹja kéékèèké yẹn ẹ lè fi sílẹ̀, ìyókù kẹ́ ẹ kó o dànù.

Ẹ gbé páànù gbígbẹ kaná, iná kékeré, ẹ má da òróró sí i. Ẹ da edé náà sí i kó má nípọn jù, ẹ máa fi ṣíbí igi rò ó lọ rò ó bọ̀, ẹ má fi í sílẹ̀ lọ dáhùn fóònù torí ìṣẹ́jú kan péré ti tó fún un láti jó, tó bá sì ti jó páúdà yẹn á korò. Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti tó ni kẹ́ ẹ tẹ́tí sí i: níbẹ̀rẹ̀ kì í dún, tó bá ti ń gbẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bẹ́ ẹ bá ṣe ń rò ó, èéfín omi tó ń jáde lára ẹ̀ á dáwọ́ dúró, ẹ mú ẹyọ kan kẹ́ ẹ fi ìka méjì rún un, tó bá di lẹ́búlẹ́bú lójú ẹsẹ̀ tí kò tẹ̀ kọ́rọ́kọ́rọ́, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ dà á sórí atẹ́ kó tutù.

Ó ku bọ́ńgà. Ẹ wo àwọ̀ ẹ̀ kẹ́ ẹ tó rà á, èyí tó pọ́n bí wúrà ni kẹ́ ẹ mú, ẹ fi èyí tó dúdú kirikiri tí èédú ń yí mọ́ yín lọ́wọ́ sílẹ̀. Tí ọ̀rá ẹja bá ń kán sínú iná tí èéfín ẹ̀ sì ń padà lé e lórí, àwọn kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní PAH á lẹ̀ mọ́ ọn, àwọn míì nínú ẹ̀ sì lè fa àrùn jẹjẹrẹ, igi tútù, rọ́bà àti pákó tí wọ́n ti kùn ló tún burú jù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń yan ẹja fúnra yín, igi líle tó gbẹ ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ sì gbé ẹja jìnnà síná. Àwọn ará Gánà ti ń lo ààrò Chorkor, tí wọ́n fi orúkọ àdúgbò àwọn apẹja kan ní Accra pè, ó máa ń dín igi kù gan-an, nígbà tó yá wọ́n ṣe èyí tí wọ́n ń pè ní FTT ní Thiaroye ní Senegal, èyí ní páànù tó máa ń gba ọ̀rá tó ń kán kó má bàa dé inú iná. Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹja yíyan ṣòwò, irú ààrò yẹn ló yẹ kó máa wá.

Ẹ fi omi gbígbóná fọ bọ́ńgà náà wéréwéré, ẹ ha ìpẹ́ ẹ̀ kúrò, ẹ ya ikùn ẹ̀, ẹ yọ gbogbo nǹkan dúdú tó wà nínú ẹ̀ torí ibẹ̀ ni ìkorò ti ń wá, ẹ ṣí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ kẹ́ ẹ yọ ohun tó fi ń mí, yanrìn àti èédú máa ń sá pamọ́ síbẹ̀. Ẹ má ju orí nù. Ẹ ṣẹ́ ẹ wẹ́lẹwẹ̀lẹ, ẹ tẹ́ ẹ sínú oven tí iná ẹ̀ ò ju bíi digirí 100 Celsius lọ fún wákàtí kan àbọ̀ tàbí méjì, tàbí kẹ́ ẹ tẹ́ ẹ sórí àwọ̀n irin lókè ẹ̀yinná èédú tó ti ń kú lọ. Eegun ẹ̀yìn ẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi dán an wò, tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tó dún pá tó kán sí méjì, ó ti gbẹ. Tó bá ṣì ń tẹ̀, bíléńdà yín ò ní lè lọ̀ ọ́, á kàn di ẹ̀gún kéékèèké tó lè há èèyàn lọ́fun.

Gbogbo nǹkan gbọ́dọ̀ tutù kẹ́ ẹ tó lọ̀ ọ́, tó bá gbóná ooru ẹ̀ á di omi nínú bíléńdà, páúdà á dì. Ẹ lọ edé lọ́tọ̀, ẹ lọ bọ́ńgà lọ́tọ̀, ẹ lọ irú, ìyèré, ata àti àlùbọ́sà lọ́tọ̀, kẹ́ ẹ wá fi asẹ́ ojú wẹ́wẹ́ sẹ́ ẹ sínú abọ́ kan náà. Èyí tó bá kù sórí asẹ́ kẹ́ ẹ dà á padà kẹ́ ẹ tún un lọ̀. Eegun bọ́ńgà ni kẹ́ ẹ sẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo bẹ̀ yín, pàápàá tí ọmọdé bá wà nílé.

Ìgò tó mọ́ tó gbẹ táútáú ni kẹ́ ẹ rọ ọ́ sí, ẹ kọ ọjọ́ sí i lára. Níta, lórí kọ́bọ́ọ̀dù tí oòrùn ò dé, á lo nǹkan bí oṣù kan, inú firíìjì á pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, inú fíríìsà ló dáa jù torí ọ̀rá ẹja máa ń kan tó bá ti pẹ́ nínú ooru. Ṣíbí tó ní omi lára ò gbọ́dọ̀ wọ inú ẹ̀ láéláé. Tẹ́ ẹ bá rí funfun tàbí àwọ̀ ewé lórí ẹ̀, tàbí tó ti ń rùn bí epo tó ti kan, gbogbo ìgò yẹn kẹ́ ẹ dà nù, ẹ má ní ẹ fẹ́ bu orí ẹ̀ kúrò.

Bẹ́ ẹ ṣe máa lò ó: ìkòkò ọbẹ̀ èèyàn mẹ́fà, ṣíbí ìjẹun méjì ti tó, ẹ dà á sí i tó bá ku bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kẹ́ ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Ìkọ́kọrẹ́ fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, ẹ̀wà náà, mọ́ínmọ́ín náà, ẹ̀bà gbígbẹ nìkan ni mi ò tíì rí i pé ó bá mu. Fún ọmọ tó ti lé lóṣù mẹ́fà, ẹ ṣe páúdà bọ́ńgà nìkan lọ́tọ̀, tí kò ní ata, tí kò ní edé, ẹ sẹ́ ẹ kó kúnná bíi páúdà ojú, ẹ po ìdajì ṣíbí tíì mọ́ ògì nígbà tó ṣì wà lórí iná kó hó pọ̀. Ògì nìkan ò lè tọ́ ọmọ, a ti mọ ìyẹn tipẹ́, ẹja ló ń fún un ní púrótéènì. Ẹ fún un ní díẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kẹ́ ẹ máa wo ara ẹ̀, tó bá sì jẹ́ pé ẹnì kan nínú ìdílé yín wà tí ara ẹ̀ kì í gba ẹja, ẹ bi nọ́ọ̀sì kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Èèpo akàn

Akàn gbọ́dọ̀ wà láàyè nígbà tẹ́ ẹ rà á. Òkú akàn máa ń bàjẹ́ kíákíá gan-an, ẹni tó ń tà á lè ní àárọ̀ yìí ló kú, ẹ má gbà. Tẹ́ ẹ bá sì rí abo tó kó ẹyin sábẹ́ ikùn, ẹ dá a padà sómi tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ mú un, ẹgbàágbèje akàn ló wà níbẹ̀. Ẹ gbé wọn sínú fíríìsà fún bí ogún ìṣẹ́jú kí ara wọn kú tipiri kẹ́ ẹ tó pa wọ́n, ó rọrùn fún ẹ̀yin, ó sì rọrùn fún akàn náà. Ẹ ṣí èèpo ẹ̀yìn, ẹ yọ àwọn nǹkan rírọ̀ tó tò sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ohun tó fi ń mí nìyẹn, wọn kì í jẹ ẹ́.

Ẹ sè é, ẹ jẹ ẹran ẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe máa ń jẹ ẹ́. Èèpo àti ẹsẹ̀ tó kù tí gbogbo ayé ń kó dà sí ààtàn ni mo ń bọ̀ sí. Ẹ tẹ́ ẹ sórí iná tàbí nínú oven títí á fi pọ́n tí á sì máa ta sánsán, ẹ fi odó gún un kó fọ́, ẹ dà á sínú ìkòkò pẹ̀lú àlùbọ́sà àti atalẹ̀, omi tó bò ó dáadáa, ẹ jẹ́ kó máa hó jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú ogójì. Aṣọ funfun tó mọ́ ni kẹ́ ẹ fi sẹ́ omi náà, asẹ́ lásán ò lè mú gbogbo èérún èèpo. Tó bá tutù, ẹ rọ ọ́ sínú rọ́bà tí wọ́n fi ń ṣe áìsì bulọ́ọ̀kù, kẹ́ ẹ gbé e sínú fíríìsà, bẹ́ ẹ bá ti fẹ́ se ìrẹsì tàbí ọbẹ̀ ilá, ẹ mú ẹyọ mẹ́ta mẹ́rin jù sí i.

Ìṣáwùrú àti òyísítà

Ẹ rẹ ìṣáwùrú sínú omi tó mọ́ mọ́jú, ẹ máa pààrọ̀ omi náà, ẹ fi burọ́ọ̀ṣì fọ ara ẹ̀, ẹ gé ìdí ẹ̀ ṣóńṣó kó lè rọrùn láti fà jáde, kẹ́ ẹ wá sè é kó hó dáadáa. Èyí tí ò bá mira rárá tó sì ń rùn kẹ́ ẹ tó sè é, ẹ yọ ọ́ kúrò. Ẹran ẹ̀ ò lọ́ràá, púrótéènì àti èròjà irin (iron) ló pọ̀ lára ẹ̀, ẹ gé e wẹ́wẹ́ sínú ẹ̀fọ́ tó bá jẹ́ pé àwọn ọmọ ò fẹ́ rí i lójúkojú.

Òyísítà létí ọ̀sà wa, ara gbòǹgbò àwọn igi tó ń dúró nínú omi iyọ̀ ló máa ń lẹ̀ mọ́. Ẹ má jẹ ẹ́ ní tútù o, irú èyí tí àwọn èèyàn ń jẹ ní tútù nílẹ̀ òkèèrè, omi ibi tí wọ́n ti ń sìn ín ni wọ́n máa ń yẹ̀ wò déédéé. Ẹ sè é títí ẹnu ẹ̀ á fi là, kẹ́ ẹ jẹ́ kó tún hó fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí i, èyí tí ò bá lanu, ẹ sọ ọ́ nù. Nígbà tẹ́ ẹ bá sì ń mú un, ẹ má gé gbòǹgbò igi náà, ẹ fi ọ̀bẹ yọ òyísítà kúrò lára ẹ̀ kẹ́ ẹ fi èyí tó kéré sílẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Gambia, tí wọ́n kó ara wọn jọ lọ́dún 2007 sábẹ́ ẹgbẹ́ TRY, ohun tí wọ́n ṣe nìyẹn: wọ́n fi kún àsìkò tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ mú un, wọ́n ń gbin igi etí omi padà, òyísítà wọn sì ń tóbi sí i, lọ́dún 2012 ìjọba wọn gbé àṣẹ òyísítà àgbègbè Tanbi lé wọn lọ́wọ́. Ó wù mí kírú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ níbí.

Pápásan

Ewé yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ẹ̀. Inú yanrìn ló ń hù, létí òkun, láàárín ebè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, àwọn àgbẹ̀ ń tu ú dànù bí èpò. Ara ewé tútù tó ní ọ̀rá omega-3 ni, irú èyí tí wọ́n ń pè ní ALA, ewé tá a sì ń jẹ tó ní i tó bẹ́ẹ̀ ò pọ̀.

Bẹ́ ẹ ṣe máa dá a mọ̀: igi ẹ̀ ń dán, ó pọ́n, ó sì máa ń nà sílẹ̀ ni, ewé ẹ̀ nípọn, ó kún fún omi, ẹnu ewé náà ṣe roboto, òdòdó ẹ̀ kéré ó sì pọ́n rúsúrúsú, àárọ̀ tí oòrùn bá ti yọ ló máa ń là. Ẹ já igi ẹ̀, omi lásán ló gbọ́dọ̀ jáde. Tí oje funfun bá jáde, kì í ṣe pápásan, àwọn èpò kan wà tó ń nà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ tó ní oje funfun, májèlé ni àwọn míì nínú wọn, ẹ má fi dánrawò. Tọ́rọ̀ ò bá sì dá yín lójú, ẹ mú un lọ fún ìyá eléwé ọmọ lọ́jà, wọ́n á sọ fún yín. Ẹ má já a lẹ́bàá títì, gọ́tà tàbí ibi tí wọ́n ti fín oògùn apaèpò.

Ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta torí yanrìn, ẹ gbé omi kaná kó hó, ẹ da ewé náà sí i fún ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ da omi yẹn nù. Ìdí tẹ́ ẹ fi gbọ́dọ̀ da omi yẹn nù ni pé pápásan ní ohun kan tí wọ́n ń pè ní oxalate lọ́pọ̀lọpọ̀, ó máa ń dá òkúta sílẹ̀ nínú kíndìnrín àwọn tí irú ẹ̀ máa ń ṣe. Omi tó hó yẹn á gbé púpọ̀ nínú ẹ̀ lọ. Kálísíọ́mù náà máa ń so mọ́ oxalate nínú ikùn kó má bàa wọnú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn ni mo ṣe fẹ́ràn láti fi páúdà bọ́ńgà eléegun se pápásan. Síbẹ̀, ẹni tó ti ní òkúta kíndìnrín rí, kó fi ewé yìí sílẹ̀ fún ẹlòmíì, ẹ̀fọ́ pọ̀ tó lè jẹ.

Lẹ́yìn ìyẹn ẹ lè sè é bí ẹ̀fọ́ rírò. Ó máa ń yọ̀ díẹ̀, ó máa ń kan díẹ̀ lẹ́nu, kò gba epo púpọ̀. Àwọn tó fẹ́ sá a gbẹ, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bọ̀ ọ́ lómi gbígbóná bí mo ṣe sọ yẹn, torí pápásan kì í yára kú, tẹ́ ẹ bá kàn fà á tu tẹ́ ẹ sá a sóòrùn, ẹ lè padà bá a lọ́jọ́ kẹta kó ṣì máa so èso lọ. Ẹ sá èyí tẹ́ ẹ bọ̀ síbòji tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, lórí àwọ̀n, títí á fi máa rún lọ́wọ́, kẹ́ ẹ lọ̀ ọ́. Páúdà yẹn ẹ lè bù sínú ògì, ìyẹ̀fun àkàrà tàbí ọbẹ̀ ẹja.

Kóró fúrúùtù

Igi fúrúùtù wà káàkiri etíkun Èkó, abẹ́ ẹ̀ làwọn èèyàn máa ń jókòó sí. Kóró tó wà nínú ẹ̀ ládùn, nǹkan bí ìdajì ẹ̀ ló jẹ́ òróró. Ẹ ṣa èyí tó jábọ́ fúnra ẹ̀, ẹ sá a sóòrùn fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ nà án dúró kẹ́ ẹ fi òkúta tàbí òòlù là á láti òkè wálẹ̀, kóró funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan lẹ máa bá nínú ẹ̀. Iṣẹ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́, àwọn ọmọ lẹ máa pè jọ. Èyí tó bá ti hu funfun tàbí tó dúdú nínú, ẹ má jẹ ẹ́, ẹ má sì lọ̀ ọ́ mọ́ ìyókù. Ẹ yan kóró tó dáa lórí iná kékeré, ẹ jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ lọ̀ ọ́ sínú ọbẹ̀ dípò ẹ̀gúsí díẹ̀.

Ọbẹ̀ marúgbò

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ibi tí páúdà yẹn á ti fi ara ẹ̀ hàn, ọbẹ̀ yìí ni. Àwọn Ìlàjẹ, Ìkálẹ̀ àti Oǹdó ni wọ́n mọ̀ ọ́n sè. Ewé marúgbò tútù ẹ̀kúnwọ́ mẹ́ta, ẹfìnrìn ẹ̀kúnwọ́ kan, ewúro díẹ̀ tẹ́ ẹ ti fọ̀, ata rodo, àlùbọ́sà, ìyèré àti ẹ̀ẹ̀rù méjì tẹ́ ẹ ti yan, ẹ lọ gbogbo ẹ̀ pọ̀ kó kúnná. Ẹ se ẹja tútù tàbí ìṣáwùrú lọ́tọ̀ nínú omi èèpo akàn tẹ́ ẹ ti tọ́jú, ẹ da ewé lílọ̀ yẹn sí i, páúdà edé ṣíbí ìjẹun méjì, irú díẹ̀, kó hó fún ogún ìṣẹ́jú títí á fi dúdú tí á sì ki. Ẹlòmíì kì í fi epo sí i rárá, èyí tó dáa fún ẹni tí dókítà ti ní kó dín ọ̀rá kù. Pupuru ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tà á

Ẹni tó bá ti ṣe é fún ilé tó rí i pé ó dáa, tó fẹ́ sọ ọ́ di òwò, kó lọ gba nọ́ńbà NAFDAC kó tó gbé e sọ́jà. Iléeṣẹ́ ìwádìí òkun ìjọba àpapọ̀, NIOMR, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1975, wà ní Victoria Island, ọ̀rọ̀ ẹja yíyan àti títọ́jú ẹja wà lára iṣẹ́ wọn, ẹ lọ bá wọn. Ẹ má fi páúdà àtijọ́ pò mọ́ tuntun kẹ́ ẹ lè tètè tà á. Lára ìgò kẹ́ ẹ kọ gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀, ọjọ́ tẹ́ ẹ lọ̀ ọ́, bí wọ́n ṣe máa tọ́jú ẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ pé edé àti ẹja wà nínú ẹ̀, kí ẹni tí ara ẹ̀ ò gbà á lè rí i láti òkèèrè.